Láti Àpótí Inú Ìyẹ̀wù dé Kọ́bọ́ọ̀dù Àtòpọ̀: Ìtàn Ohun Ìpamọ́ Ilé ní Adó-Èkìtì àti Agbègbè Rẹ̀

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Ohun tí a kì í sábà bèèrè ni ibi tí àgbà ń kó àkísà ọ̀hún sí. Aṣọ tí ó ti di àkísà kò sí lọ́rùn mọ́. Inú nǹkan ni ó wà. Ẹnì kan ni ó ká a síbẹ̀, ẹni náà ni ó sì mọ ìdí tí òun kò fi jù ú nù. Orí ìtàn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí dá lé: ohun tí a ń ká aṣọ sí, tí a ń kó àwo, ìwé àti owó pa mọ́ sí nínú ilé. Adó-Èkìtì àti àwọn ìlú tí ó wà ní agbègbè rẹ̀, bí Ìkẹ́rẹ́, Ọ̀yẹ́, Ìsẹ̀ àti Ìsàn, ni a ó ti mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àpẹẹrẹ wa.

Bí a bá ṣí ìwé tí àwọn onímọ̀ kọ lórí ìtàn àga, tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù, a ó rí i pé ilẹ̀ Ítálì wà lára àwọn ibi tí wọ́n ń kọ́kọ́ tọ́ka sí bí ọ̀rọ̀ bá ti kan kọ́bọ́ọ̀dù àtòpọ̀. Ohun tí a pè ní kọ́bọ́ọ̀dù àtòpọ̀ níhìn-ín ni èyí tí a kàn ní ẹyọ ẹyọ, tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè dá dúró, ṣùgbọ́n tí a lè tò wọ́n léra tàbí kí a tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí àyè ilé àti agbára onílé bá ti mọ. Iṣẹ́ àwọn ará Milan láàrin 1950 sí 1970 lókìkí lórí èyí, òkìkí náà sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n èrò kan wà tí ó sábà máa ń tẹ̀lé irú òkìkí bẹ́ẹ̀ wọ iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa, pé kí àwọn míṣọ́nnárì tó kọ́ wa ní iṣẹ́ káfíńtà, igun yàrá lásán ni àwọn baba wa ń kó ẹrù wọn jọ sí.

Èrò náà kò tọ̀nà, a ó sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn baba àti ìyá wa mọ bí a ti ń tò ohun ìpamọ́ ní ẹyọ ẹyọ. Ohun tí ọ̀rúndún ogún mú wá ni ọ̀nà mìíràn láti so igi pọ̀, àti, èyí tí ó wúwo jù lójú tiwa, àyípadà ibi tí a ń gbé ohun ìpamọ́ sí. Inú ìyẹ̀wù, níbi tí àlejò kì í dé, ni ó wà tẹ́lẹ̀. Ó wá bọ́ sí pálọ̀, níbi tí àlejò ń jókòó sí.

Ohun ìpamọ́ kí káfíńtà tó dé

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ìṣirò. Ọ̀kẹ́ ni àpò. Nígbà tí owó ẹyọ jẹ́ owó wa, ogójì ẹyọ ni a ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn ni ó di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ó sì ń kún àpò kan. Báyìí ni ọ̀kẹ́ kan ṣe di 20,000, tí àádọ́ta ọ̀kẹ́ sì di 1,000,000. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àádọ́ta ọ̀kẹ́ lónìí, orúkọ ohun ìpamọ́ ni ó ń pè lẹ́nu. A kò rò pé ẹnikẹ́ni lè rí ẹ̀rí tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ pé àwọn ènìyàn wa ti fi ojú ìwọ̀n kan náà tí a ń tò léra wo ohun ìpamọ́: okùn wọnú ẹgbàá, ẹgbàá wọnú ọ̀kẹ́, ọ̀kẹ́ sì ń gun orí ọ̀kẹ́ ní ilé ọlọ́rọ̀.

Ohun tí a kì í kó sínú ọ̀kẹ́, inú ìkòkò ni ó ń wọ̀. Ìsàn-Èkìtì jẹ́ ìlú tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìkòkò mímọ, obìnrin ni ó sì ń ṣe é. Kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ nìkan ni wọ́n ń mọ. Ìṣà wà, tí ó tóbi, tí ó sì ní ìdérí. Àwọn tí ó tẹ̀lé e ní ìtóbi wà pẹ̀lú. Ní igun yàrá, a máa ń gbé èyí tí ó kéré lé èyí tí ó tóbi, títí ìtòléra náà yóò fi ga. Ìdí ìkòkò tí ó wà lókè ni ó ń ṣe ìdérí fún èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú ohun tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀, ìdí nìyí tí ohun tí a kò tètè fẹ́ lò fi ń wà níbẹ̀. Igbá náà kò yàtọ̀. A ń la akèrègbè sí méjì, apá kan á di igbá, apá kejì á di ìdérí, a sì ń tò ó ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Àwa Èkìtì tí a ń pè é ní ugbá mọ̀ pé iye ugbá tí ó wà nílé obìnrin kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan.

Igi náà kò gbẹ́yìn. Àwọn babaláwo ní ọpọ́n ìgèdè Ifá, tí ó jẹ́ ọpọ́n onídèérí tí a pín inú rẹ̀ sí ojúlé ojúlé: ojúlé kan wà láàárín, àwọn yòókù yí i ká. Olúkúlùkù ohun èlò Ifá ní ojúlé tirẹ̀. Ẹni tí ó bá rí irú ọpọ́n yìí kò ní sọ pé àwọn ẹlẹ́sẹ̀ funfun ni ó kọ́kọ́ kọ́ wa láti pín inú àpótí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé orí, tí a fi awọ ṣe, tí a sì fi owó ẹyọ bò lára. Ilé ni wọ́n pè é, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìbọrí ń gbé.

Ilé fúnra rẹ̀ tún jẹ́ ohun ìpamọ́. Àjà tí a fi igi tò, tí a sì fi amọ̀ rẹ́, wà lókè yàrá, lábẹ́ òrùlé. Bí iná bá jó koríko òrùlé, amọ̀ àjà á dáàbò bo ohun tí ó wà nísàlẹ̀. A máa ń mọ pẹpẹ mọ́ ara ògiri pẹ̀lú, tí ògiri àti pẹpẹ á jẹ́ ọ̀kan náà. Irú pẹpẹ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé lọ sí ibòmíràn, ó sì yẹ kí a rántí èyí, nítorí pé láàárín ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò sì tú pátápátá títí di 1893, ẹrù tí ó ṣeé gbé rù nìkan ni onílùú lè bá sá. Ọ̀kẹ́, igbá àti agbọ̀n ṣeé rù. Ìṣà kò ṣeé rù, ilẹ̀ ni àwọn kan sì ń ri í mọ́ pẹ̀lú owó inú rẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà àti káfíńtà

Ẹni tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá pe iṣẹ́ Jósẹ́fù ní gbẹ́nàgbẹ́nà, láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń pe ẹnikẹ́ni tí ó ń fi igi ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti òótọ́, iṣẹ́ méjì ni. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń yọ kúrò lára igi. Ohun tí ó ṣẹ́kù ni iṣẹ́ ọ̀nà rẹ̀. Káfíńtà ń fi igi kún igi. Àpótí tí gbẹ́nàgbẹ́nà bá gbẹ́ kò lè fẹ̀ ju ìtì igi tí ó ti yọ ọ́ lọ, kò sì sí bí a ṣe lè fi ẹ̀gbẹ́ kún un lẹ́yìn ọdún méjì. Àpótí káfíńtà lè fẹ̀ dé ibi tí pákó bá mọ. Ìyàtọ̀ yìí ni ó mú kí kọ́bọ́ọ̀dù ṣeé ṣe.

Ibi tí iṣẹ́ méjèèjì ti pàdé ní gbangba ni ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọlọ́wẹ̀, ọmọ bíbí Ẹfọ̀n-Alààyè tí ó fi Ìsẹ̀-Èkìtì ṣe ilé, tí ó sì ṣiṣẹ́ fún Arínjalè, ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin náà láàrin 1910 sí 1914. Ó gbẹ́ Ògògà sórí ìtẹ́ pẹ̀lú olorì lẹ́yìn rẹ̀. Ní òdìkejì, ó gbẹ́ Ambrose, òyìnbó ìjọba, tí wọ́n ń gbé bọ̀, pẹ̀lú àwọn aláàárù tí wọ́n ru ẹrù lórí. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ibi àfihàn ńlá ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley. Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ rà á, Ògògà kò tà á. Ó gbà láti fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún ìtẹ́ kan tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà lọ, iṣẹ́ káfíńtà wọlé. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938, ilẹ̀kùn náà sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Àwọn òpìtàn iṣẹ́ ọ̀nà máa ń kọ̀wé gan-an nípa ohun tí ó lọ. Ó yẹ kí òpìtàn ilé gbígbé máa bèèrè nípa ohun tí ó wọlé pẹ̀lú.

Ní Èkó ni iṣẹ́ káfíńtà ti kọ́kọ́ gbilẹ̀, láàárín àwọn Àgùdà tí wọ́n ti oko ẹrú Brazil dé àti àwọn Sàró. Ọwọ́ wọn ni a ti rí àwọn ilé tí ìlú ṣì ń fi yangàn, bíi mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ìmọ̀ náà gba ọ̀nà ọkọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ wọ Èkìtì. Nígbà tí Archdeacon Henry Dallimore dá ilé ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ sí Christ's School sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní 1933, ìgbé-ayé ilé ẹ̀kọ́ alágbèéwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àṣà tuntun kan: ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, àpótí tirẹ̀ àti agádágodo tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì tò ní ọ̀wọ́ kan náà. Lẹ́yìn náà ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1955. Kíláàsì tuntun kò ṣeé lò láìsí bẹ́ǹṣì, tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù tí olùkọ́ ń kó ìwé àti ṣọ́ọ̀kì sí. Bí a bá ń wá ìdí tí káfíńtà fi di púpọ̀ ní àwọn ìlú wa, inú ètò yìí ni kí a ti kọ́kọ́ wá a.

Láàárín àkókò yìí kan náà, ohun mìíràn ń ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Àwọn Fádà ìjọ Kátólíìkì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1947, ó sì wà títí di 1954. Báńdélé, ọmọ Àreògún ará Ọ̀sì-Ìlọrin, ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Làmídì Fákẹ́yẹ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó sì di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Ète wọn ni pé kí iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà má parun. Kí ṣọ́ọ̀ṣì gba ipò ọba àti babaláwo gẹ́gẹ́ bí oníbàárà. Ète rere ni. Síbẹ̀, lásìkò tí Ọ̀yẹ́ ń gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, kọ́bọ́ọ̀dù ni tíṣà àti àgbẹ̀ olówó kòkó ń lọ bẹ káfíńtà àdúgbò fún. A ti kọ ìwé lórí Ọ̀yẹ́. Káfíńtà àdúgbò kò rí ẹni kọ tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àpótí obìnrin

Kí kọ́bọ́ọ̀dù tó wọ pálọ̀, àpótí ni ó kọ́kọ́ wọ ìyẹ̀wù. Nínú ẹrù tí ó bá ìyàwó lọ sí ilé ọkọ, àpótí aṣọ kò gbọdọ̀ ṣàìsí. Títí di òní ni ó wà nínú àkọsílẹ̀ ohun ìdána, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpótí onítáyà tí a ń wọ́ nílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń rà báyìí. Onígi ni àwọn kan nígbà náà, onípáánù ni àwọn mìíràn. Àpótí àkọ́kọ́ yìí kì í dá wà pẹ́. Bí ọjà bá ń tà, bí ọmọ bá ń dàgbà, tí aṣọ ẹbí sì ń pọ̀ sí i, ìyá á ra èkejì, á ra ẹ̀kẹta. Kì í tò wọ́n káàkiri ilẹ̀. Èyí tí ó tóbi jù ni yóò gbé lé orí igi tàbí búlọ́ọ̀kù kí ikán má baà jẹ ẹ́, yóò gbé èyí tí ó tẹ̀lé e lé e, yóò sì fi aṣọ funfun bo orí gbogbo wọn. Ojú kan náà tí ìyá rẹ̀ fi ń wo ìṣà àti ìkòkò ni ó fi ń wo àpótí.

Ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó pẹ́ jù. Kíjìpá ni a sábà ń bá níbẹ̀, aṣọ tí ó nípọn tí àwọn obìnrin Èkìtì fi òfì ìdúró hun, pẹ̀lú káfúrà tí ń lé kòkòrò. Kọ́kọ́rọ́ àpótí náà kì í kúrò ní ìgbátí ìró ìyá. Ọkọ lè ni ilé, ṣùgbọ́n kò ni kọ́kọ́rọ́ yìí. A fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí sọ́kàn bí wọ́n bá ń kà nípa ipò obìnrin láyé àtijọ́: ohun ìní tí ó ní kọ́kọ́rọ́, tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣí, kì í ṣe ohun kékeré.

Ilẹ̀ Ítálì lẹ́yìn ogun

Kí a tó dé orí pálọ̀ Adó, ó yẹ kí a yà sí Milan fún ìgbà díẹ̀, kí a lè mọ ohun tí a ń fi wéra. Ogun àgbáyé kejì ba ilé púpọ̀ jẹ́ ní ìlú náà. Lẹ́yìn ogun, àwọn ènìyàn ń ti ìgbèríko wọ ìlú wá, ìjọba sì ń kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ lábẹ́ ètò INA-Casa láti 1949 títí di 1963. Yàrá àwọn ilé bẹ́ẹ̀ kò fẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù gàgàrà ti àwọn baba wọn kò wọlé mọ́.

Franco Albini, ẹni tí ó jẹ́ ayàwòrán-ilé, dáhùn pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù tí ó pè ní LB7, èyí tí ilé iṣẹ́ Poggi ní Pavia ṣe ní 1957. Òpó onígi rẹ̀ ti ilẹ̀ dé àjà. Onílé ni yóò yan iye pẹpẹ àti àpótí tí yóò fi kọ́ ọ, ó sì lè gbé e sí àárín yàrá kí ó fi ṣe ògiri. Ní 1961 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọjà ńlá ọdọọdún fún àga àti kọ́bọ́ọ̀dù ní Milan, òwò náà sì di ti gbogbo ayé. Joe Colombo ṣe èyí tí ó rí roboto tí a ń tò léra ní 1963. Ní 1967, Anna Castelli Ferrieri yàwòrán Componibili fún ilé iṣẹ́ Kartell: àpótí roboto oníke, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tí a ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ìdí ọ̀kan ń jókòó sórí èkejì láìsí ìṣó. Wọ́n ṣì ń ṣe é títí di òní. Ní 1972, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé MoMA ní New York ṣe àfihàn ńlá fún irú iṣẹ́ àwọn ará Ítálì wọ̀nyí. Èyí tí wọ́n ṣe nígbà náà ti di ohun tí àwọn olówó ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́ níbi gbàǹjo báyìí.

Ẹni tí ó bá ti wo ìkòkò Ìsàn tí ìdí ọ̀kan ń ṣe ìdérí èkejì yóò wo Componibili, yóò sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìbéèrè wa kì í ṣe ta ni ó kọ́ ta. Ibi tí àyè bá ti há, tí ẹrù sì ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, ọgbọ́n ìtòléra kì í pẹ́ yọjú. Ohun tí Milan ní tí Ìsàn kò ní ni ilé iṣẹ́ tí ó lè ṣe ẹgbẹ̀rún ẹyọ tí gbogbo wọn bá ara wọn mu, àti ìwé tí ó kọ orúkọ ẹni tí ó yàwòrán rẹ̀ sílẹ̀.

Rúùmù dífáídà ní Adó-Èkìtì

Ẹ̀yà kọ́bọ́ọ̀dù àtòpọ̀ tí ó gba Èkìtì kan ni rúùmù dífáídà. Kò sí ẹni tí ó dàgbà ní Adó láàrin 1975 sí 2000 tí kò mọ̀ ọ́n. Nísàlẹ̀, ó ní ilẹ̀kùn onígi méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú dúrọ́ọ̀ tí a ń fà jáde. Láàárín, àyè gbàgàdà wà fún tẹlifíṣọ̀n. Lókè, pẹpẹ onígíláàsì ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ojúlé tóóró tóóró fún ìwé. Ọ̀gànwó tàbí ìrókò ni fún ẹni tí owó rẹ̀ tó, afárá tàbí arère fún ẹni tí kò tó, pláíwúùdù sì ni ẹ̀yìn gbogbo wọn. Fánííṣì ni a fi ń pa á títí yóò fi máa dán, àwọn kan sì ń lẹ fọmíkà mọ́ ojú rẹ̀.

Ìdí mélòó kan ni ó bí i. Tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá 1959, ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó di ohun tí òṣìṣẹ́ lásán ní Èkìtì lè rà. Owó oṣù tuntun ti Udoji ní 1974 sí 1975, tí wọ́n san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni ó fi owó lé ọ̀pọ̀ tíṣà àti akọ̀wé lọ́wọ́. Tẹlifíṣọ̀n tí a fi owó bẹ́ẹ̀ rà kò ṣeé gbé sórí àpótí ìyá. Ó ń fẹ́ ìtẹ́, káfíńtà sì kan ìtẹ́ náà fún un.

Ìdí kejì ni yàrá. Nígbà tí Pólì Àpapọ̀ àti yunifásítì fìdí kalẹ̀ ní Adó láti 1982, àwọn ayálégbé pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ tí ó gba yàrá kan péré. Dífáídà ni ó ń pín yàrá náà sí méjì fún wọn, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀. Wọ́n á gbé e dúró sí àárín, kọ́tìnì á dí àyè tí ó kù, iwájú á di pálọ̀, ẹ̀yìn á di ìyẹ̀wù. Ohun tí Albini ṣe fún ilé Milan gan-an nìyí, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà ní Adó ní ohun kan tí ti Milan kò ní. Ti Albini ṣeé wò níwájú àti lẹ́yìn. Ti Adó ní ojú kan ṣoṣo. Gíláàsì, fánííṣì àti àwo aláràbarà kọjú sí àlejò. Pláíwúùdù gbígbẹ pẹ̀lú orí ìṣó kọjú sí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí ó ra dífáídà náà ni ó ń sùn níbi ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìdí kẹta kò níyì lójú àwọn tí ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n òun ni àwa gbà pé ó lágbára jù. Ẹnu ọ̀nà kò fẹ̀. Dífáídà tí a bá kàn ní odidi kò lè wọ yàrá, kò sì lè wọ ọkọ̀. Nítorí náà ni káfíńtà fi ń kàn án ní ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta, tí yóò sì fi bóòtù so wọ́n pọ̀ nínú yàrá. Bí oníyàrá bá ń kó lọ, yóò tú u. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 1996, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n jẹ́ ọmọ Èkìtì ní láti ti Àkúrẹ́ padà sí Adó, ohun tí ó ṣeé tú nìkan ni ó rọrùn láti kó. Ọgbọ́n àtijọ́ ti ẹrù tí ó ṣeé rù ni ó tún padà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni ó ń rù ú báyìí.

Ohun tí wọ́n ń kó sínú gíláàsì náà yẹ fún àfiyèsí. Àwo tí a kò fi jẹun rí ni. Ife tí ó tò ní mẹ́fàmẹ́fà ni, fọ́tò ìgbà tí ọmọ jáde ní yunifásítì, òdòdó oníke. Ní Èkìtì tí wọ́n máa ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n yangàn, ìwé kò gbọdọ̀ ṣàìsí níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó ń kà á. Abọ́ tánganran tí ìyá tò léra nínú ìyẹ̀wù tún jáde wá jókòó sórí dífáídà. Kí a má ṣe pe gbogbo èyí ní àṣehàn lásán. Ìyá tí ó fi aṣọ pamọ́ sábẹ́ kọ́kọ́rọ́ ń fi ọrọ̀ rẹ̀ pa mọ́ fún ọjọ́ tí yóò nílò rẹ̀. Tíṣà tí ó fi ife sínú gíláàsì ń sọ fún àlejò pé owó oṣù òun kò ṣòfò. Àkókò ni ó yàtọ̀. Ní ayé ìyá, ẹni tí ó bá rí ọrọ̀ rẹ lè kó o. Ní ayé tíṣà, ẹni tí kò bá rí ọrọ̀ rẹ lè má gbà pé o ní nǹkan kan.

Àpótí gẹ́gẹ́ bí ilé àkójọ ìwé

Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tí a ń kọ́ mọ́ ògiri ni ó gba iṣẹ́ dífáídà. Àwọn káfíńtà Adó ti yí sí kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná àti èyí tí a ń kàn mọ́ ògiri yàrá, pákó tí ilé iṣẹ́ fi ìyẹ̀fun igi lẹ̀ pọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Dífáídà ti ń di igi ìdáná. Àpótí àwọn ìyá náà ń jáde kúrò nílé lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí wọ́n bá pín aṣọ inú rẹ̀ tán.

Ohun tí ó ń dun òpìtàn nínú èyí kì í ṣe igi. Inú àpótí àti dúrọ́ọ̀ ni ìwé wà. Ìwé owó orí wà níbẹ̀, ìwé tí wọ́n fi ta kòkó, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà tí ọmọ kọ láti ìlú òyìnbó, ìwé ilẹ̀. Àwọn àwo àti páànù ìrántí tún wà, èyí tí wọ́n ń pín níbi òkú àti ìwúyè, tí orúkọ, ìlú àti ọjọ́ sì wà lára wọn. Ẹni tí ó bá kó irú àwo bẹ́ẹ̀ jọ láti ilé mẹ́wàá ní àdúgbò kan yóò mọ ẹni tí ó kú, ẹni tí ó jẹ oyè, ìdílé tí ó bá ìdílé wo ṣọ̀rẹ́ àti ọdún tí owó pọ̀ nílùú, ju bí ó ti lè mọ̀ láti inú ìwé ìjọba lọ. Bí wọ́n bá pín ogún tán, iná ni wọ́n ń dá sun ìwé wọ̀nyí.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la tí ẹ ń lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni lè ṣe nǹkan sí i láìná owó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tọ ìyá àgbà ilé rẹ̀ lọ, kí ó tọrọ àyè, kí ó sì kọ ohun tí ó wà nínú àpótí kan ṣoṣo sílẹ̀. Àṣẹ ìyá ni yóò ṣáájú, nítorí pé ohun ìkọ̀kọ̀ ni. Bí ó bá kọ̀, ọ̀rọ̀ tán. Bí ó bá gbà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe tú ẹrù náà sórí ẹní kí ó tó máa kọ ọ́. Láti òkè ni kí ó ti máa kọ ọ́ bí ó ti ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi nọ́ńbà sí i, torí pé ìtòléra náà ni kàlẹ́ńdà: aṣọ ẹbí ọdún tó kọjá lókè, ìwé ilé ẹ̀kọ́ àkọ́bí láàárín, kíjìpá àti ìwé owó orí ọkọ tí ó ti kú nísàlẹ̀. Kí ó bèèrè orúkọ káfíńtà tí ó kan àpótí náà pẹ̀lú, àti iye tí wọ́n san fún un. Àwọn ìyá kan ṣì rántí méjèèjì.